Ẹ̀bi Ọdẹ: Àṣìṣe Inú Igbó láti Ìtàn Ìlobù dé Ìwé Fágúnwà

Ọdẹ ni ó tẹ Ìlobù dó. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí pé àwọn ìlú tí ọdẹ tẹ̀dó kò lóǹkà nílẹ̀ Yorùbá. Láarọ̀sìn ni orúkọ ọdẹ náà. Ìtàn sì fi yé ni pé kò dá wà nínú igbó ọ̀hún: ó bá Erinlẹ̀ pàdé, ẹni tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọdẹ, tí ó mọ ilẹ̀, tí ó mọ omi, tí ó sì di alátìlẹ́yìn fún un. Láarọ̀sìn fi ìdí ìlú kalẹ̀; Erinlẹ̀ wọlẹ̀, ó di odò. Odò náà ṣì ń ṣàn títí di òní, ó ń lọ bọ́ sínú Ọ̀ṣun, àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń tọ́jú omi àti ọta inú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní awo ọta Erinlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí erin ilẹ̀, àwọn mìíràn sí erin tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí ọdẹ ṣe di omi kò dọ́gba lẹ́nu àwọn tí ń pa ìtàn náà, kò sì di dandan kí ó dọ́gba.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ojú sí. Ìtàn ọdẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ẹran pípa ni ó parí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ọdẹ rí káàkiri. Ọdẹ tí ó jáde ní ìrọ̀lẹ́, tí ó pa ìgalà, tí ó sì gbé e wálé ní òwúrọ̀ kò ní ìtàn. Ẹran ni ó ní. Wọn yóò kun ún, wọn yóò pín in, wọn yóò jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀. Ìtàn a máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọdẹ bá ti ṣì, níbi tí ìbọn ti dún tí ohun tí ó ṣubú kì í ṣe ohun tí wọ́n yìn ín fún, tàbí níbi tí ọdẹ ti bá ohun tí kò wá lọ pàdé. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti í mọ apìtàn. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú igbó, ẹnì kan níláti ru ẹ̀bi rẹ̀. Apìtàn ni í pinnu ẹni tí yóò rù ú.

Ìbéèrè nípa ẹ̀bi yìí kò tí ì jẹyọ tó nínú àríwísí lórí lítíréṣọ̀ ọdẹ. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìjálá jẹ́ ewì akin, pé ìyìn ọdẹ àti ìgboyà ọdẹ ni ó kún inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, olùkọ́ a fi àmì sí i pé ó tọ̀nà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín èṣí ni wọ́n ń jẹ lọ́bẹ̀. Láti ọdún 1966 ni Adébóyè Babalọlá ti fi hàn, nínú ìwé tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí àkóónú àti ìṣètò ìjálá, bí ewì náà ti gbòòrò tó: oríkì ẹranko wà níbẹ̀, oríkì igi wà níbẹ̀, oríkì orílẹ̀, àwàdà àti ọ̀rọ̀ ìṣítí pẹ̀lú. Ní 1982, ìwé Bádé Ajùwọ̀n jáde lórí ìrèmọ̀jé, ewì tí àwọn ọdẹ fi ń dárò ọ̀kan nínú wọn tí ó kú, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣípà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tọkàntọkàn yóò rí i pé ọdẹ inú ewì kì í ṣe aṣẹ́gun ní gbogbo ìgbà.

Láti Ìlobù dé Òṣogbo kò jìnnà, ìtàn ìtẹ̀dó ibẹ̀ pẹ̀lú kò sì ṣẹ̀yìn ọdẹ. Tìmẹ́hìn, ọdẹ erin, ni ó kọ́kọ́ dé etí odò Ọ̀ṣun, tí ó sì padà lọ sọ fún Laróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìpólé, níbi tí ọ̀dá omi ti ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí wọ́n dé etí odò náà, wọ́n ń gé igi láti ṣán ibùdó. Igi kan wó lu odò, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Gbogbo ayé ni ó mọ ìtàn yìí. Igbó Ọ̀ṣun ti wà lára àwọn ibi àjogúnbá tí àjọ UNESCO kọ sílẹ̀ láti ọdún 2005, àlejò tí ó bá sì dé ibẹ̀ yóò gbọ́ nípa ìkòkò aró kí ó tó kúrò. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí àlejò má kíyè sí ni bí ìtàn náà ti pín ẹ̀bi. Àwọn tí ó gé igi kò béèrè ohun tí ìkòkò ń wá ní abẹ́ igi. Wọn kò sọ pé ojú àwọn kò tó o, bẹ́ẹ̀ ojú wọn kò sì tó o lóòótọ́, nítorí inú omi ni ìkòkò wà. Wọ́n gbà pé ibi tí àwọn rò pé kò ní olúwa ní olúwa. Wọ́n ṣí kúrò, wọ́n sì bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ mulẹ̀. Orí ìkòkò tí ó fọ́ náà ni àjọṣe ìlú àti odò ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó wúwo ju ti Òṣogbo lọ ni ti Ìrè-Èkìtì, nítorí pé Ògún fúnra rẹ̀, tí gbogbo ọdẹ ń sìn, ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ó dé bá àwọn ènìyàn níbi àjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí àfojúdi, ó sì fa idà yọ sí wọn. Nígbà tí wọ́n wá la ọ̀rọ̀ náà yé e, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó pa. Ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀.

Ìbínú ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọdé: ìbínú kò da nǹkan fún ni. Bóyá ẹ̀kọ́ náà ni ó yẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni ó ṣáájú nínú ìtàn náà, àṣìmọ̀ ni. Ògún rí àmì kan, ó sì kà á sódì. Ta ni ọdẹ, bí kì í bá ṣe ẹni tí í ka àmì? Ojú ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀ rírọ̀, ewé tí ó ṣẹ́, ìgbẹ́ ẹran tí kò tí ì gbẹ, ẹyẹ tí ó dákẹ́ lójijì: àwọn wọ̀nyí ni ọdẹ ń kà. Ọdẹ tí kò mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí ti já níbi pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà àṣìṣe Ògún ní Ìrè jẹ́ àṣìṣe ọdẹ gan-an, ìtàn náà sì gbé gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé ọdẹ lórí. Kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn ará Ìrè ni ó fi ìdákẹ́jẹ́ wọn pa ara wọn.

Ní báyìí, ó tó àkókò láti yẹ Fágúnwà wò. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, títí di òní kò sì sí ìwé ọdẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn tó o láàárín àwọn Yorùbá. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí ìwàásù inú ìwé náà, lórí bí Bíbélì àti ìwé Bunyan ṣe hàn nínú rẹ̀, lórí ìṣọwọ́lo-èdè tí ó dùn bí oyin. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rántí jù. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó rìn jìnnà, kí Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ tó gbé ìbọn wọ igbó, ọdẹ kan ti ṣe ìrìn tí ó burú. Bàbá Àkàrà-ògùn ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí ní kúkúrú. Bàbá náà jẹ́ ọdẹ, ó sì jẹ́ olóògùn. Ìyàwó mẹ́rin ni ó ní, ìyá Àkàrà-ògùn sì ni ìyáálé. Ìjà kan ṣẹlẹ̀ láàárín ìyáálé yìí àti ọ̀kan nínú àwọn orogún rẹ̀, ọkọ dá ẹjọ́, ó dá ìyáálé lẹ́bi. Asọ̀tàn wá sọ fún òǹkàwé pé àjẹ́ ni obìnrin náà, àti pé kí ọdún náà tó parí, ọmọ mẹ́jọ àti ìyàwó mẹ́ta ti kú nínú ilé. Ẹ̀dá kan tí kì í ṣe ènìyàn yọ sí bàbá náà nínú igbó, ó sì là á lọ́yẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ọdẹ náà yìnbọn sí ẹran ìgbẹ́ kan. Ìbọn bà á, ṣùgbọ́n ẹran náà sá lọ. Ọdẹ tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ mú un wọ ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó bá níbẹ̀ tí ó ti kú, orí ènìyàn lórí ara ẹran.

Bí Fágúnwà ṣe to ìtàn yìí fi ọgbọ́n òǹkọ̀wé hàn, ó sì tún fi ohun mìíràn hàn. Gbogbo òṣùwọ̀n ni ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìbọn tó dún. Ó ka iye òkú sílẹ̀. Ó mú ẹ̀dá àràmàǹdà wá láti jẹ́rìí. Ó tún dá ìtàn dúró láti gba ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì gbéyàwó nímọ̀ràn pé kí ó fi ara balẹ̀ yan obìnrin. Nígbà tí ọta ìbọn yóò fi kúrò lẹ́nu ìbọn, òǹkàwé ti jókòó sórí àga adájọ́, ó sì ti dá ẹjọ́ tán. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọdẹ. Kàkà kí ẹni tí ó yìnbọn ru ẹ̀bi, ẹni tí ọta bà ni ó rù ú, nítorí pé òun ni ó sọ ara rẹ̀ di ẹran. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti Ìrè. Àwọn ará Ìrè dákẹ́, ìtàn sì bọ̀wọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ wọn. Ìyá Àkàrà-ògùn náà dákẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yan ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ tí ó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò hàn ohun tí àwọn orogún náà ń jà lé lórí, kò sì hàn bóyá ìdájọ́ ọkọ tọ́ tàbí kò tọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìbáwí yìí sọ Fágúnwà di ẹni yẹpẹrẹ. Ìyá tí í ṣe àjẹ́ pọ̀ nínú àlọ́ kí wọ́n tó bí i ní Òkè-Igbó ní 1903, yóò sì pọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó ṣe tí àwọn apàlọ́ kì í sábà ṣe, tí ó fi ìtàn náà lọ́ ju bí ìwàásù rẹ̀ ti rí lọ. Ta ni ó fi ìtàn náà sí lẹ́nu? Ọmọ obìnrin tí ó kú ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù nínú mẹ́sàn-án ni ó ń sọ pé àjẹ́ ni ìyá òun. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Kò sí nínú igbó nígbà tí ìbọn dún, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá àràmàǹdà ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá rẹ̀ rò fún un ni ó ní lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá tún orí ìwé náà kà pẹ̀lú ìrònú yìí, ohùn Àkàrà-ògùn yóò yí padà létí rẹ̀. Kì í tún ṣe ohùn akọni mọ́. Ohùn ọmọ tí ó níláti yan ọ̀kan nínú òbí méjì tí ó ti kú ni, tí ó sì yan èyí tí ó ni ìbọn.

Ìtàn mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n gbé ti èyí, nítorí pé òun náà jẹ́ ti ọdẹ, ti ìyàwó àti ti ẹran tí í di ènìyàn. Ọdẹ kan dọ̀bálẹ̀ nínú igbó, ó rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ kó awọ náà pamọ́. Nígbà tí obìnrin náà padà dé tí kò rí awọ rẹ̀ mọ́, ó tẹ̀lé ọdẹ lọ sílé, ó di ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tí ó ti wá. Ó bímọ. Ìyáálé ń fẹ́ mọ ìdí abájọ. Ó fi ẹmu rọ ọkọ yó, ọkọ sì tú àṣírí. Ọjọ́ tí ìjà dé, ìyáálé fi awọ bú u. Obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó sì padà sí igbó. Níbòmíràn ẹfọ̀n ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ Ọya.

Ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí wé ti Fágúnwà yóò rí i pé ohun èlò kan náà ni wọ́n fi kọ́ ilé méjèèjì. Obìnrin tí í di ẹran wà níbẹ̀, orogún wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, ọdẹ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àgbọ̀nrín, kò sí ẹni tí ó bú àgbọ̀nrín pé ó jẹ́ àgbọ̀nrín. Ọdẹ ni ó jí awọ, ọdẹ ni ó dá májẹ̀mú, ọdẹ ni ó mu ẹmu, ẹnu ọdẹ ni kò dúró. Yorùbá sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ọdẹ rí nínú igbó ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Òwe yìí kún ẹnu àwọn ènìyàn débi pé wọn kì í ronú mọ́ pé òfin iṣẹ́ ni. Ọdẹ tí ó bá rú u yóò pàdánù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn rẹ̀ kò dún rárá.

Ìjálá ńkọ́? Oníjàálá a máa ki erin, a máa ki ẹfọ̀n, a máa ki ẹtu àti ọ̀bọ, bí ẹni ń ki ìjòyè. Ohun tí ọdẹ ń lépa láti pa ni ó ń yìn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbà pé ńṣe ni ọdẹ ń gbé ẹran ga kí òun tí ó pa á lè ga sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́tí dáadáa yóò gbọ́ pé púpọ̀ nínú àwọn oríkì wọ̀nyí ni ó mọ ẹran náà nígbà tí ó wà láàyè: bí ó ṣe ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìmọ̀ ẹni tí ẹran ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni.

Ohun kan tún wà nínú ìṣeré ìjálá tí kò sí nínú ìwé títẹ̀. Nígbà tí oníjàálá bá ń sun ìjálá lójú agbo, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a dúró pé ohun tí ó wí kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó ti ṣi oríkì kì, pé ó ti gbé ìtàn ẹlòmíràn fún ẹlòmíràn. Babalọlá ṣàkíyèsí irú àtakò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta kò níláti dáhùn. Ó lè sọ pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn, ó sì lè fi ẹ̀fẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò dáhùn. Nítorí náà oníjàálá kì í lè fi gbogbo ara gbé ẹ̀bi lé ẹni tí kò sí níbẹ̀ lórí kí ó sì mú un jẹ. Àkàrà-ògùn ń rò, òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ọdẹ mìíràn lójú agbo tí yóò sọ pé: dúró ná, ṣé bí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ti rí nìyẹn? Iṣẹ́ yẹn bọ́ sí ọwọ́ òǹkàwé. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn òǹkàwé ti ń kà á kọjá láìṣe iṣẹ́ náà.

Bí ó bá ṣe pé orí ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, ìbá ṣeé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń ṣọdẹ, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ti sun ìgbẹ́ tán. Ọdẹ òru a so àtùpà mọ́ iwájú orí, ojú ẹran a sì máa tàn padà sí i nínú òkùnkùn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí wọ́n kọ́ dáadáa mọ èyí, kì í sì í yìnbọn sí ohun tí kò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó tún kì í: ẹ̀tù yóò wọlé, ọta yóò wọlé, wọn yóò gún un, ẹran kò sì ní í dúró de gbogbo ìyẹn. Ọdẹ tí ó ti rìn láti ìrọ̀lẹ́ tí kò pa nǹkan kan, ebi ń pa á, oorun ń kùn ún, ó gbọ́ tí ewé mì. Òwe náà sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà kan náà ni ó ń ti ìka rẹ̀ sí ìbọn kí ojú rẹ̀ tó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ewé. Àgbẹ̀ ni nígbà mìíràn, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni nígbà mìíràn.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn: ẹran ni ọdẹ rí, ẹran ni ó yìnbọn fún, ẹran náà ni ó di ènìyàn. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè wo gbólóhùn wọ̀nyí bí ó ti ń wo gbólóhùn mìíràn. Nínú “ọdẹ ṣèèṣì yìnbọn pa ènìyàn”, ọdẹ ni olùwà, òun ni ó ṣe nǹkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣèèṣì. Nínú “ẹran náà di ènìyàn”, ẹran ni olùwà. Òkú ni ó wá di olùṣe. Ọdẹ kàn wà níbẹ̀ tí ó ń wò ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Ìdílé tí ó ń sunkún ẹni wọn yóò tún máa sunkún orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ará ìlú yóò ti máa wò wọ́n bí ọmọ ẹni tí í di ẹranko lóru.

Kì í ṣe Fágúnwà ni ó kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti wà kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni ó gbé e wọ ilé-ìwé, tí ó fi èdè tí ó dùn jù wé e, tí ó sì fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń fẹ́ràn. Ìtàn Ìrè wà nínú ẹ̀sìn, ìtàn ìkòkò aró wà nínú ọdún ìlú, ìtàn àgbọ̀nrín wà lẹ́nu ìyá àgbà. Èyí tí ó wà nínú ìwé ìdánwò ni ti ọdẹ tí kò jẹ̀bi. Ọmọ tí ó bá kà á ní Ìlobù lónìí, ní ìlú tí ọdẹ dá sílẹ̀ tí ọdẹ kejì sì di odò rẹ̀, lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìgbọ́ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn láti pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ṣeé fojú fò. Fágúnwà lè jẹ́ kí ọdẹ náà padà sílé kí wọ́n wá ròyìn ikú ìyàwó fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ó tọ ipa náà fúnra rẹ̀, kán-ún-kán-ún, bí ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tọ ẹran tí ó gbọgbẹ́. Kò sí ẹ̀dá àràmàǹdà níbẹ̀ mọ́ láti là á lọ́yẹ̀, ìwàásù pẹ̀lú ti dákẹ́. Ọdẹ ń ka àmì, ó sì ń kà á ní àkàyé, títí tí ó fi bá a dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí òun náà fi kú. Ọkùnrin tí ó ní gbogbo oògùn wọ̀nyẹn, tí ìtàn ti dá láre tán, kàn kú bẹ́ẹ̀, asọ̀tàn kò sì dúró ṣàlàyé ohun tí ó pa á.